Ẹ má na ajá tó ń bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kó fọkàn tán yín

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ajá tí kò gbà pé òun lẹ́ni lẹ́yìn ńkọ́? Bí àrá bá sán, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá wọ̀. Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn, yóò ki ìrù bọ itan, yóò máa gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ olówó ajá ló máa ń fa pàṣán yọ sí irú ajá bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kò wúlò fún ṣíṣọ́ ilé.

Pàṣán kì í lé ẹ̀rù lọ, ṣe ló ń fi kún un. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ajá tí ẹ̀rù ń bà, tí kò ríbi sá sí, lè bu èèyàn jẹ, àwọn ọmọdé ló sì sábà máa ń fara gbá a.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ẹ̀rù yìí máa ń gbà wọlé. Èkíní ni ìgbà tí ajá wà ní kékeré. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1961 fi hàn pé ọmọ ajá tí kò bá fara kan èèyàn rárá títí tó fi pé ọ̀sẹ̀ 14 máa ń sá féèyàn bí ẹran inú igbó. Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí ẹ ti máa fà á mọ́ra.

Èkejì ni jàǹbá. Lọ́dún 1924, omíyalé ṣẹlẹ̀ ní ìlú Leningrad, lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọn ajá tí gbajúmọ̀ onímọ̀ nnì, Ivan Pavlov, fi ń ṣèwádìí lọ. Wọ́n rí wọn gbà là, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn gbàgbé ohun tí wọ́n ti kọ́. Lẹ́yìn náà, omi díẹ̀ tó ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn ti tó láti dá jìnnìjìnnì bo ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ fún ajá náà ní igun kan tí ẹnikẹ́ni kò ti ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ má sì fipá wọ́ ọ. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ máa ju ẹran wẹ́wẹ́ sí i, kí òun fúnra rẹ̀ wá bá yín. Ẹ máa bọ́ ọ lásìkò kan náà lójoojúmọ́. Bí baálé bá ní kó jókòó, kí ìyàwó àti ọmọ má sọ nǹkan mìíràn. Olórí tí ajá ń tẹ̀ lé ni ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le.

Bó bá jẹ́ ọ̀kadà ló ń bà á lẹ́rù, ẹ gbé e dúró sí ọ̀ọ́kán láì jẹ́ kó dún, kí ẹ sì fún ajá lóúnjẹ. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ sún un mọ́ ọn díẹ̀. Bí ajá kò bá jẹun mọ́, ẹ ti sún un jù nìyẹn. Ẹ dá a padà sẹ́yìn. Bí àrá bá ń sán, tó sì sá tọ̀ yín wá, ẹ má lé e. Fífọwọ́ pa á lára kò ní bà á jẹ́, nítorí ẹ̀rù kì í ṣe ìwà ìpáǹle.

Àmọ́ o, bí ìwà ajá bá ṣàdédé yí padà, tó ń da itọ́, tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ẹ ké sí dókítà ẹranko. Ẹni tó bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ rí i pé ajá yín ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi.

Iṣẹ́ yìí lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè gba oṣù. Ẹ má kánjú. Ajá tó bá fọkàn tán olówó rẹ̀ ló ń gbọ́ fèrè ọdẹ.