Egbò Ìta Jinná, Àpá Inú Ńkọ́?

Àdúrà tí gbogbo ilé ń gbà fún aboyún ni pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Nígbà tí ọmọ kò bá lè gba ojú ara wá, abẹ oníṣègùn ni ó ń mú àdúrà náà ṣẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san 100 000 sẹ́fà fún ilé ìwòsàn lórí iṣẹ́ abẹ ìbímọ kọ̀ọ̀kan, kí àìlówó má baà pa ìyá. Ní agbègbè Tchaourou, ilé ìwòsàn Saint Martin tí ó wà ní Papané ni ilé ìwòsàn ńlá tí iṣẹ́ yìí já lé léjìká.

Ṣùgbọ́n egbò tí ó jinná lójú awọ lè fi àpá sílẹ̀ nínú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ilé-ọmọ àti ìfun, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lára ara wọn. Bí abẹ bá kàn án, ara a sun ohun kan bí àtè láti fi dí ojú ọgbẹ́. Ó yẹ kí àtè náà yọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá yọ́, a di okùn tí ń so ìfun tàbí àpò ìtọ̀ mọ́ ilé-ọmọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í mọ̀ ọ́n lára. Àwọn mìíràn a máa ní inú rírun, tàbí kí ó ṣòro fún wọn láti lóyún. Nígbà iṣẹ́ abẹ mìíràn, oníṣègùn ní láti tú u kí ó tó kan ọmọ; àkókò a lọ, abẹ sì lè ṣèèṣì kan àpò ìtọ̀. Bí iṣẹ́ abẹ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu náà ń pọ̀ sí i.

Ǹjẹ́ ọ̀nà ìránṣọ oníṣègùn lè dènà rẹ̀? Àwọn kan a máa rán awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà padà, àwọn mìíràn a fi í sílẹ̀ kí ó jinná fúnra rẹ̀. Ìwádìí CORONIS fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wé ara wọn lára obìnrin 15 935 ní orílẹ̀-èdè méje, Gánà, Kẹ́ńyà àti Sudan wà lára wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n tún tọpa 13 153 nínú wọn. Àbájáde rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 2016, fi hàn pé kò sí ọ̀nà kan tí ó ta èkejì yọ gedegbe.

Nítorí náà, ohun tí ó wà lọ́wọ́ ìdílé kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ìyá dúró fún oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí ó tó tún lóyún. Ẹ tọ́jú ìwé iṣẹ́ abẹ, kí ẹ sì mú un dání lọ síbi ìtọ́jú aboyún. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí kò gbọdọ̀ rọbí nílé. Bí inú bá wú, tí èébì kò dá, tí ìgbẹ́ àti afẹ́fẹ́ kò sì jáde, ẹ má fi àgbo dán an wò: ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.