Àmì Tótòtó Ara Àfín: Oòrùn Ni, Kì í Ṣe Iyọ̀

Láti ayé àwọn baba ni wọ́n ti ń sọ ní ilẹ̀ Yorùbá pé àfín kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀. Ẹni Ọbàtálá ni àwọn àgbà ń pè é, oúnjẹ àtẹ́ sì ni ti Ọbàtálá. Bí àmì dúdú bá yọ tótòtó sí ojú àti apá rẹ̀, àwọn mìíràn a ní ó ti jí iyọ̀ jẹ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà yóò máa lá ọbẹ̀ àtẹ́ lálẹ́, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò gbé ọkọ́ lé èjìká, yóò sì bá baba rẹ̀ lọ sí oko ẹ̀gẹ́ láìdé fìlà. Ohun tí kò pa á lára ni wọ́n kà léèwọ̀ fún un; èyí tí ń pa á lára, kò sí ẹni tí ó dá a dúró.

Nínú awọ ara olúkúlùkù ènìyàn ni àwọn ohun tíntìntín kan wà tí iṣẹ́ wọn dàbí ti aláró. Àwọ̀ dúdú tí àwọn oníṣègùn ń pè ní mẹ́lánìn ni wọ́n ń ṣe. Iye wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lára ènìyàn dúdú àti òyìnbó. Aró tí wọ́n ń ṣe ni kò dọ́gba. Nínú oòrùn ni ìtànṣán kan wà tí ojú kò lè rí, tí ó sì ń ba inú awọ jẹ́. Nígbà tí èyí bá dé, awọ a ránṣẹ́ sí àwọn aláró wọ̀nyí, wọn a ṣe aró kún aró, wọn a sì pín in fún àwọn tí ó yí wọn ká bí ẹni pín agboòrùn. Nítorí náà ni ọrùn àgbẹ̀ fi ń dúdú ju ibi tí ẹ̀wù rẹ̀ bò lọ. (Ẹni tí ń fi owó ra ìpara ìbóra, agboòrùn yìí gan-an ni ó ń sọ nù.)

Lára àwọn ẹlòmíràn, iṣẹ́ aró náà kì í kárí. Ibì kan a dúdú, ibì kan a sì funfun. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lára ọ̀pọ̀ òyìnbó onírun pupa ní Skọ́tílándì àti Áílándì: ìgbà ooru ni àmì wọn ń yọ, ìgbà òtútù ni ó ń ṣá. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ohun àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní MC1R ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Àmì ara àfín tóbi ju èyí lọ, ṣùgbọ́n oòrùn kan náà ni ó ń mú un jáde. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wo ikùn àti ìdí ọmọ náà. Iyọ̀ tí ènìyàn jẹ ń kárí gbogbo ara. Kí ni ṣe tí àmì náà kò sí níbi tí aṣọ bò?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ní 1975 ni oníṣègùn A. N. Okoro tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí àwọn àfín ní ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ó ṣírò wọn sí nǹkan bí ẹnì kan nínú 15,000, ó sì rí i pé àwọn tí ó ti ju ọmọ 20 ọdún lọ ti ní ìbàjẹ́ awọ tí í ṣe jẹjẹrẹ, tàbí èyí tí ó lè di jẹjẹrẹ. Àmì tótòtó ni ìkìlọ̀ tí ń ṣáájú.

Ní Ilé-Ogbó, oòrùn ọ̀sán ń dúró gangan lókè orí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù April àti ọjọ́ 2 oṣù September. Ìkùukùu kò sì dá ìtànṣán rẹ̀ dúró tán. Kí àfín tí ń ṣe oko kúrò nínú oòrùn láti aago 10 àárọ̀ títí di aago 4 ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ abẹ́ àtíbàbà pọ̀, bí ẹ̀gẹ́ bíbó àti àgbàdo ṣíṣẹ́. Akẹtẹ̀ etí gbòòrò, ẹ̀wù alápá gígùn àti ìpara tí ń dá oòrùn dúró ni ohun ìjà rẹ̀; òróró àgbọn kò lè rọ́pò ìpara yìí. Bí egbò bá wà lára rẹ̀ tí oṣù kan kọjá tí kò jinná, kí wọ́n má ṣe fi ewé dì í mọ́. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn, nítorí jẹjẹrẹ awọ tí wọ́n tètè gé kúrò sábà máa ń san.

Ní ti iyọ̀, kí ìyá rẹ̀ bù ú sí ọbẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti àwọn ọmọ yòókù. Láti 1993 ni ìjọba ti ń mú kí wọ́n fi áyódínì sí iyọ̀ ní Nàìjíríà kí gẹ̀gẹ̀ má baà mú àwọn ènìyàn, ọrùn àfín kò sì yàtọ̀ sí ọrùn ẹlòmíràn.