Ṣé o mọ̀? Afẹ́fẹ́ inú ẹja ni ẹ̀rọ ń rí

Ẹ̀rọ tí àwọn apẹja fi ń wá ẹja lábẹ́ omi kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹran ara ẹja: àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú ikùn ẹja ló máa ń rí jù. Ẹ̀rọ náà á rán ìró lọ sísàlẹ̀ omi. Bí ìró yẹn bá kan afẹ́fẹ́, á ta padà sókè bí ohùn ẹni tó kígbe sí àpáta, á sì di àmì lójú ẹ̀rọ.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí adágún tó jìn, tí kò sì rọrùn fún un ní Odò Bow tó la ìlú Calgary kọjá ní Kánádà. Lọ́pọ̀ ibi, omi ibẹ̀ kò jìn, ó ń sáré, ó ń ru, afẹ́fẹ́ sì ń pò mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ń da ẹ̀rọ láàmú.

Ojú ara wọn ni àwọn tó ń fi ẹja pípa najú níbẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n á wá ibi tí omi tó ń sáré ti pàdé èyí tó ń rọra ṣàn, tàbí ẹ̀yìn òkúta ńlá, níbi tí ẹja trout ti ń dúró de kòkòrò tí omi bá gbé wá. Ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ ni trout máa ń kọjú sí, nítorí náà, ẹ̀yìn ni kí o ti yọ sí i.