Àwọn orúkọ Ìgbò tí a kì í sábà gbọ́, àti ìtàn tó wà nínú wọn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa nílùú òyìnbó, ẹ mọ Chidi, ẹ sì mọ Ngozi. Bí ọ̀rẹ́ yín bá wá ń jẹ́ Ozoemena ńkọ́?

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ mọ́". Lẹ́yìn tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nínú ìdílé ni wọ́n máa ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Onwubiko ń bẹ ikú fúnra rẹ̀: "Ikú, jọ̀wọ́." Àwa náà ní Málọmọ́ àti Dúrójayé. Nínú ìwé Chinua Achebe, Things Fall Apart, tó jáde ní 1958, Ekwefi sọ ọmọ rẹ̀ kan ní Ozoemena, ṣùgbọ́n ọmọ náà kú.

Ọjọ́ ọjà náà ń bí orúkọ. Mẹ́rin ni wọ́n: Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ. Ọmọkùnrin ọjọ́ Nkwọ ni Okonkwo. Ọmọbìnrin ọjọ́ Eke ni Mgbeke. Okonkwo ṣì wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n Mgbeke ti ṣọ̀wọ́n, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ di èébú fún ọmọbìnrin ará oko.

Ahamefula ní tirẹ̀ ń gbàdúrà pé "kí orúkọ mi má ṣe sọnù". Ìdílé tó ń bẹ̀rù pé ìran àwọn lè parẹ́ ló sábà máa ń sọ ọ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, kí ẹ tó gé orúkọ ọ̀rẹ́ yín kúrú, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ àdúrà ìyá rẹ̀ lẹ fẹ́ gé.