Ẹ̀jẹ̀ Tí A Jogún: Ìdí Tí Fòníkú-fọ̀ladìde Kò Fi Parun

Ní Ìdí-Àràbà, níbi tí Súrùlérè ti bá Muṣin pààlà, ibùdó kan wà ní òdìkejì ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó. Sickle Cell Foundation Nigeria, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú dá sílẹ̀ ní ọdún 1994, ni ó ni ín. Àwọn àfẹ́sọ́nà a máa lọ síbẹ̀ láti mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí olúkúlùkù wọn jogún, kí àwọn òbí tó dá ọjọ́ ìdána. Bí èsì méjèèjì bá jẹ́ AS, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lè di ọ̀rọ̀ ẹkún.

Méjì ni àbùdá tí ń ṣètò èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. A ni èyí tí ó pé. S ni èyí tí ó ní àbùkù. Àtọ̀ kì í gbé ju ọ̀kan lọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹyin obìnrin. Nítorí náà, bí AS bá fẹ́ AS, ewu pé ọmọ yóò jẹ́ SS jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n ṣe bí ẹni pé, bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e ti bọ́. Rárá o! Àbùdá kì í ka ọmọ. Gègé tuntun ni a ń ṣẹ́ fún oyún kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì dí iṣan tín-ín-rín, ìrora a sì wọ inú egungun. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú àwọn tí àwọn àgbà pè ní àbíkú, tí wọ́n sọ ní Málọmọ́ tàbí Kòsọ́kọ́, jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Bí S bá ń pa ọmọ, èé ṣe tí kò tíì parun? Nǹkan bí ọ̀kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. Ẹ̀fọn ni ó fà á. Ní ọdún 1954, Anthony Allison tẹ ìwádìí rẹ̀ láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà jáde, ó fi hàn pé akọ ibà kì í sábà rí ọmọ AS gbé ṣe tó bí ó ti ń ṣe ọmọ AA. S tí ó ń pa ọmọ níhìn-ín, òun náà ni ó ń dáàbò bo ọmọ lọ́hùn-ún.

AS tí ó bá fẹ́ AA kò ní bí SS. Síbẹ̀, èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ wọn lè gba S náà sára láìṣàìsàn rárá, kí ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ.