Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Adùn Agbo Orin Kékeré

Ẹni tó fẹ́ràn olórin kan, tó ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò àti fóònù láti ọdún pípẹ́, a máa rò pé òun ti mọ olórin náà tán. Ọjọ́ tó bá jókòó nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò tó mọ̀ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Yóò rí òógùn lójú rẹ̀, yóò rí bó ṣe ń fi ojú pe onílù, yóò sì gbọ́ bó ṣe ń mí kí ohùn tó jáde. Àwo orin kò lè gbé gbogbo èyí fún ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ mọ etí òkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò nílò àlàyé púpọ̀. Láti Ìgbọ́kọ̀dá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ dé ọ̀pọ̀ abúlé. Olórin tó bá ń lọ ṣeré níbi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó yóò di ìlù, gìtá àti jẹnẹrétọ̀ sínú ọkọ̀. Nígbà tó bá gúnlẹ̀, àwọn ilé orí òpó àti afárá pákó ni yóò bá níbẹ̀. Àyè kò fẹ̀, kò sì sí pèpéle gíga tí yóò yà á nípa kúrò lára èrò. Ìyá àgbà lè na ọwọ́ kan aṣọ rẹ̀; ọmọdé lè jókòó ti onílù. Nínú irú agbo bẹ́ẹ̀ ni Bíripo, orin àti ijó ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ti mọ́ni lára.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ará abúlé nìkan ni irú agbo bẹ́ẹ̀ ń dùn mọ́. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ Paul McCartney yẹ̀ wò, gbajúmọ̀ olórin rọ́ọ̀kì ará Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1965, òun àti ẹgbẹ́ Beatles kọrin ní pápá ìṣeré Shea ní New York, níwájú èrò tó lé ní 55,000. Igbe àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ débi pé agbára káká ni àwọn olórin náà fi ń gbọ́ ohùn ara wọn.

Ní ọdún 1973, McCartney wá sí Èkó pẹ̀lú Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine onígìtá, láti gba àwo orin Band on the Run sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ EMI ní Àpápá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó lọ sí Afrika Shrine, ibi tí Fẹlá, tó ṣì ń jẹ́ Ransome-Kuti nígbà náà, ti ń ṣeré. Ibẹ̀ kò ṣeé fi wé pápá ìṣeré rárá. Síbẹ̀, nígbà tí fèrè àti ìlù gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ẹkún bọ́ lójú àlejò náà. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé ayọ̀ orin náà ló pa òun lẹ́kún.

Àjọṣe náà kò ṣàìní ìjà nínú. Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin àwọn aláwọ̀ dúdú. McCartney kò bá a jiyàn púpọ̀. Ó jẹ́ kí Fẹlá gbọ́ ohun tó ti gbà sílẹ̀, Fẹlá sì rí i pé kò jí nǹkan kan. Wọ́n rí ojú ara wọn, ọ̀rọ̀ sì yanjú.

Fẹlá mọ iyì agbo kékeré. Orin tó bá ti gbà sínú àwo, kì í sábà kọ ọ́ mọ́ níwájú èrò. Orin tuntun ló ń gbé wá sí Shrine, tí yóò sì máa tún un ṣe láti alẹ́ kan dé òmíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n ń pè ní Yábíìs, yóò máa bá èrò ṣàwàdà, àwọn náà yóò sì máa dá a lóhùn. Ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́ orin kí gbogbo ayé tó gbọ́ ọ, ó sì lọ́wọ́ nínú bí orin náà ṣe dàgbà.

Èyí kì í ṣe àjèjì sí wa. Onígángan tí kò rí ojú rẹ, báwo ni yóò ṣe mọ oríkì tí yóò fi ìlù pè ọ́? Ní pápá ńlá, èrò ni ọ́. Nínú agbo kékeré, ọmọ lágbájá ni ọ́.

Nítorí náà, bí olórin tí ẹ fẹ́ràn bá ń bọ̀ wá ṣeré níbi tí kò tóbi, ẹ tètè dé. Ẹ jókòó níbi tí ẹ ti lè rí ìka ọwọ́ onígìtá. Ẹ ti fóònù bọ àpò, nítorí ẹni tó ń ya fọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò wo eré. Ẹ gba ègbè bó bá nà án sí yín, ẹ náwó fún un bí agbára bá ti mọ, ẹ má sì fi àwọn ọmọ sílé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí ló jẹ́ kánjúkánjú jù ní etí òkun. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà lọ, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti ṣí kúrò. Ìdílé tó bá ṣí lọ lè kó aṣọ, ìkòkò àti àwo orin dání, ṣùgbọ́n kò lè kó gbàgede tí gbogbo àdúgbò ti ń pàgbo. Bí àwọn aládùúgbò bá fọ́n ká sí Ìgbọ́kọ̀dá, Àkúrẹ́ àti Èkó, ta ni yóò gba ègbè orin tí wọ́n jọ mọ̀?

Bí ayẹyẹ bá gbé yín padà sí abúlé lọ́dún yìí, ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jókòó síwájú. Ẹ sọ orúkọ onílù fún wọn. Ẹ kọ́ wọn ní ègbè náà kí ilẹ̀ tó mọ́.