Ẹ Wẹ Ajá Yín, Ẹ Yẹ Ara Rẹ̀ Wò, Ẹ má sì Gbàgbé Abẹ́rẹ́ Ọdọọdún

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo mú wá lónìí. Bí mo bá ń rìn ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, ó ṣòro kí n kọjá ojúlé mẹ́wàá kí ajá má gbó mi. Onílé ń sin ín nítorí olè, ọdẹ ń sin ín nítorí igbó, àwọn ọmọdé sì ń fi ṣe ẹlẹgbẹ́ eré. Púpọ̀ nínú wa mọ bí a ti ń bọ́ ajá, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ bí a ti ń tọ́jú ara rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí ajá wọn mọ́ nigín-nigín, tí ó ń ta sánsán, ṣùgbọ́n tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Irú ajá bẹ́ẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n ewu ni nínú ilé tí ọmọdé bá wà.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìtọ́jú ajá náà ní ààrò mẹ́ta: ìwẹ̀, ìyẹ̀wò ara, àti abẹ́rẹ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìyókù kò lè gbé e dúró.

ÌWẸ̀

Ajá ilẹ̀ wa tí irun rẹ̀ kúrú kò nílò ìwẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tó fún un, àfi bí ó bá yí nínú ẹrẹ̀ tàbí nínú ìdọ̀tí. Òróró díẹ̀ wà lára awọ ajá tí ń dáàbò bò ó. Bí a bá ń wẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, a ó fọ òróró náà dànù, awọ rẹ̀ yóò gbẹ, yóò sì máa yún un. Pàápàá jù lọ ní àsìkò ọyẹ́, ẹ dín ìwẹ̀ kù. Àwọn ajá òyìnbó onírun gígùn ni wọ́n ń fẹ́ kí a máa ya irun wọn lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ méjì méjì, kí irun náà má baà lọ́ mọ́ra wọn.

Kí ẹ tó da omi sí i lára, ẹ kọ́kọ́ ya irun rẹ̀ kí èyí tó ti kú bọ́ sílẹ̀. Ẹ lo omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn lọ sí ẹ̀yìn, inú àti ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí omi wọ inú etí rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọṣẹ dé ojú rẹ̀. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ojú. Ọṣẹ tí àwọn dókítà ẹranko ń tà fún ajá ni ó dára jù. Ẹ má ṣe lo ọṣẹ ìfọṣọ, ẹ má sì ṣe da omi apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́ sínú omi ìwẹ̀ ajá. Ajá yóò fi ahọ́n lá ara rẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, ohun tí ẹ bá sì fi pa á lára ni yóò gbé mì. Ẹ fi omi ṣan ọṣẹ kúrò pátápátá, ẹ fi tówẹ̀lì nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi í sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù, inú iyanrìn ni yóò gbà lọ.

ÌYẸ̀WÒ ARA

Ìwẹ̀ ni àǹfààní tí ẹ ní láti fi ọwọ́ yín wo gbogbo ara ajá. Mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀ nìkan.

Ẹ wo inú etí, abẹ́ ọrùn, abẹ́ apá, àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni eégbọn máa ń sá sí. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tí ó súnmọ́ awọ jù lọ, ẹ fà á tààrà láìlọ́ ọ. Ẹ má ṣe fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa, nítorí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè ní àrùn. Inú sípírítì ni kí ẹ jù ú sí. Eégbọn kì í mu ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ó tún ń gbé àrùn kan wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá, èyí tí ń ba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́. Ajá tó bá ní in kì í fẹ́ jẹun, ara rẹ̀ a gbóná, èrìgì rẹ̀ a funfun, ìtọ̀ rẹ̀ a sì pọ́n bí omi sóbò. Bí ẹ bá rí ìtọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá rí ibi tí irun ti ń re, tí awọ rẹ̀ ń nípọn, tí ajá sì ń ya á kíkankíkan, ó lè jẹ́ kúrúnà ajá. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń fà á. Oríṣi kan nínú rẹ̀ lè ran ènìyàn, kí ó sì máa yún ọmọdé tí ń gbé ajá mọ́ra.

Bí ẹ bá rí eéwo kékeré tó ní ihò lórí, ó lè jẹ́ pé ìdin eṣinṣin kan ni ó wà lábẹ́ awọ. Eṣinṣin yìí ń yé sí orí iyanrìn tí ìtọ̀ wà nínú rẹ̀ àti sí ara aṣọ tí a sá sílẹ̀. Ìdin yìí kan náà ń wọ ara ènìyàn. Nítorí náà, ẹ máa gbá ibùsùn ajá lójoojúmọ́, ẹ má ṣe sá aṣọ ọmọ sórí ilẹ̀, kí ẹ sì máa fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ẹ gbọ́ òórùn etí rẹ̀. Etí tó mọ́ kì í rùn. Bí ó bá ń rùn, tí ajá sì ń gbọn orí, egbò ti wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe ti igi olówùú bọ inú rẹ̀. Ní ti eyín, ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lo ọṣẹ ìfọyín ti ènìyàn, nítorí ajá kò mọ̀ ọ́n tu dànù. Èékánná tó bá ń ró ko-ko-ko lórí símẹ́ǹtì ti gùn jù. Ẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì gé e dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ Ó KAN ARA AJÁ

Àwọn kan ń fi ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú láti inú ẹ́ńjìnnì pa ajá lára nítorí kúrúnà. Àwọn mìíràn ń wọ́n òtapíápíá sí i lára nítorí eégbọn, tàbí kí wọ́n fi kẹrosíìnì wẹ̀ ẹ́. Májèlé ni gbogbo wọn. Wọ́n ń gba awọ wọlé, ajá sì tún ń lá wọn. Eégbọn lè kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ajá pẹ̀lú lè máa gbọ̀n, kí ó máa da itọ́, kí ó sì kú. Àwọn dókítà ẹranko ní oògùn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn ajá tàbí èyí tí wọ́n ń fún un gbé mì. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n ń fi díwọ̀n rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe rò ó fúnra yín.

OÚNJẸ ÀTI ARÀN

Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù ni ọ̀pọ̀ ajá ń jẹ nílùú wa. Kò burú pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọbẹ̀ tí alùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí alùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ṣokoléètì náà jẹ́ májèlé fún un. Egungun adìyẹ tí a ti sè máa ń ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Omi mímọ́ kò gbọdọ̀ wọ́n níwájú rẹ̀, nítorí ajá kì í làágùn bí tiwa; mímí hẹ̀lẹ̀-hẹ̀lẹ̀ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára nínú oòrùn.

Ọmọ ajá ń gba aràn láti ara ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí yóò fi já lẹ́nu ọmú. Tó bá dàgbà, kí a máa fún un ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ máa kó ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́. Ẹyin aràn inú rẹ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú iyanrìn kí ó tó lè ran ènìyàn, nítorí náà ẹni tó bá tètè kó o ti ṣẹ́gun. Bí ọmọdé bá fi ọwọ́ oníyanrìn jẹun, aràn ajá lè wọ inú rẹ̀, ó sì lè ba ojú rẹ̀ jẹ́.

DÌGBÒLUGI

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ajá bá ń sínwín, a mọ ojú iná. Òtítọ́ ni fún wèrè lásán, ṣùgbọ́n ajá tí àrùn dìgbòlugi bá mú kì í mọ ojú olówó rẹ̀, kì í sì í mọ ojú ọmọ tí ń bọ́ ọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún ní ayé. Láti ara ajá ni ó ti ń wá nínú ìṣẹ̀lẹ̀ 99 nínú 100, nǹkan bí 40 nínú 100 àwọn tó ń kú sì jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15.

Inú itọ́ ajá ni kòkòrò àrùn náà wà. Tí ó bá ti ojú egbò wọlé, yóò tọ iṣan ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Ìrìn-àjò yìí máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè tó ọdún kan. Nígbà tí àmì bá ti hàn lára ènìyàn, tí ó ń bẹ̀rù omi, tí ọ̀fun rẹ̀ ń há, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìwòsàn mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ajá dìgbòlugi gbọ́dọ̀ máa sáré kiri kí ó máa bu òkúta àti igi jẹ. Òmíràn a dákẹ́, a lọ sápamọ́ sí ibi tó ṣókùnkùn, àgbọ̀n rẹ̀ a já sílẹ̀, itọ́ a máa kán, ohùn rẹ̀ a há. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a rò pé egungun ni ó há a lọ́fun, wọn a sì ti ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé.

Abẹ́rẹ́ ni odi wa. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 1885, Louis Pasteur ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, tí ajá ti bù jẹ, ní abẹ́rẹ́, ọmọ náà sì yè. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ tí a ń fún ajá. Bí ọmọ ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, kí ó gbà á, kí ó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Ẹ gba káàdì rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ yín. Bí ajá 70 nínú 100 ní ìlú kan bá gbà á, àrùn náà kì í rí ọ̀nà tàn mọ́. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ ajá yín jẹ́ àǹfààní fún aládùúgbò yín pẹ̀lú.

Ní Oǹdó, ajá kì í ṣe àlejò nínú ọdún Ògún, àwọn kan sì ń jẹ ẹran rẹ̀. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí àṣà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń mú ajá, tí ń pa á, tí ń kun ún mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò dìgbòlugi nínú ọpọlọ ajá tí wọ́n pa fún jíjẹ ní oríṣiríṣi ìlú Nàìjíríà, àní èyí tí kò fi àmì àrùn hàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, ẹ má ṣe fi ọwọ́ tó ní egbò ṣe é, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ ààbò tiyín lọ́wọ́ dókítà ṣáájú.

BÍ AJÁ BÁ GÉ ÈNÌYÀN JẸ

Ẹ gé abala yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Èkíní: ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ wo aago. Ìfọ̀ yìí nìkan ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò náà jáde.

Èkejì: ẹ má ṣe fi ata, epo mọ́tò, irun ajá tàbí àgúnmu sí i. Bí ajá bá fi eyín ha ènìyàn lásán tí ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn, tàbí tí ó lá egbò rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ bákan náà.

Ẹ̀kẹta: ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn UNIMED wà ní Oǹdó, ó sì wà ní Àkúrẹ́. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Bí kò bá sí níbi tí ẹ kọ́kọ́ dé, ẹ má padà sílé, ẹ lọ sí ibòmíràn. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ gbà á pé gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín. Bí egbò bá jìn, wọ́n tún ní òmíràn tí wọ́n ń gún yí ojú egbò ká.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má ṣe sáré pa ajá náà. Àwọn kan a pa á, wọn a sì fún ẹni tó gé jẹ ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kò wo nǹkan kan sàn. Bí ó bá ṣeé dè láìséwu, ẹ dè é, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ajá tí àrùn ti wà nínú itọ́ rẹ̀ kì í sábà kọjá ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó gé jẹ kò gbọdọ̀ dúró de èsì yìí kí ó tó gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé kí wọ́n má ṣe yọ ajá lẹ́nu nígbà tí ó bá ń jẹun, tí ó bá ń sùn, tàbí tí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ sì kọ́ wọn pé bí ajá bá gé wọn jẹ, kí wọ́n tètè sọ ọ́. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù pàṣán a máa fi egbò pamọ́, ìpamọ́ yẹn ni ó sì léwu jù.